Fi Àmì Sí I Kí O Tó Wọ Ibòmíràn

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo mú wá lọ́dún yìí. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ kíka erékùṣù sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó fi pẹ́ńsù ṣe é lórí ìwé. Ẹ wo èyí:

1 1 0 0
0 1 0 0
0 0 1 1
1 0 0 0

Ilẹ̀ ni 1, omi ni 0. Àwọn ilẹ̀ tó bá fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, erékùṣù kan ṣoṣo ni wọ́n. Erékùṣù mélòó ló wà níbẹ̀? Ẹni tó bá kàn ka 1 yóò pe 6. Irọ́ ni, 3 ni.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Máa wo yàrá kọ̀ọ̀kan láti òkè lápá òsì. Bí o bá bá 1 tí kò ní àmì, ka erékùṣù kan, fi àmì sí i, kí o wo òkè, ìsàlẹ̀, òsì àti ọ̀tún rẹ̀. Ibi tí o bá ti rí 1 mìíràn tí kò ní àmì, wọ ibẹ̀, kí o sì ṣe bákan náà. Bí ọ̀nà bá tán, padà sí yàrá tí o ti wá, kí o parí èyí tó kù níbẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní depth-first search: iṣẹ́ kan tó ń pe ara rẹ̀. Robert Tarjan kọ ìwé pàtàkì lórí rẹ̀ ní 1972.

Àmì yẹn ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà. Láìsí i, yàrá kejì ní ìlà kìn-ín-ní yóò rán ọ lọ sísàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ yóò dá ọ padà sókè, ẹ kò sì ní bọ́ láéláé. Ọmọ tó há ètò náà sórí kò ní mọ ìdí tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi kú. Ọmọ tó fi ọwọ́ rìn ín yóò mọ̀. Òun náà ni yóò béèrè bóyá igun kan igun jẹ́ ìfarakàn, nítorí bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, 2 ni ìdáhùn, kì í ṣe 3.

Àwọn kan ní ìfàkókòṣòfò ni, pé kọ̀ǹpútà yóò ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n pátákó 100 lọ́nà 100 tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ lè mú iṣẹ́ náà wọnú ara rẹ̀ ní ìgbà 10,000, bẹ́ẹ̀ Python máa ń dá a dúró ní nǹkan bí 1,000, àfi bí a bá yí òdiwọ̀n náà padà. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà àbọ̀ ni ẹ̀rọ ń tọ́jú yóò kọ àkójọ yàrá tirẹ̀, yóò máa fi ti ìkẹyìn ṣáájú, iṣẹ́ yóò sì parí.

Orúkọ al-Khwārizmī, ọ̀mọ̀wé Baghdad, ni ọ̀rọ̀ algorithm ti wá. Kì í ṣe ohun àjèjì sí ilé kéú. A kì í yìn ọmọ tó ka ojú ìwé láìmọ ìtumọ̀. Ẹ má jẹ́ kí a yìn ín nídìí kọ̀ǹpútà. Kí Ọlọ́hun fún wọn ní òye, àmín.