Ẹ Kan Ilẹ̀kùn Kí Ẹ Tó Gbé Drone Sókè

Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ní àdúgbò wa ní Mowe. Onífótò gbé drone sókè. Ẹ̀rọ náà ń kùn bí oyin títí ó fi dé orí ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wẹ̀ lọ́wọ́ nínú balùwẹ̀ wa tí kò ní òrùlé. Wọ́n figbe ta, wọ́n sáré wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lára. Nígbà tí màmá mi lọ bá onífótò náà, ó dá wọn lóhùn pé, “Ẹ má bínú, mà, ṣùgbọ́n òfuurufú ò ní onílé.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ ta kò. Òfuurufú lè má ní onílé, ṣùgbọ́n ilé tí ẹ̀rọ náà ń wò ní onílé. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè àti ilé rẹ̀. Ní ọdún 2016, NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú, kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé drone sókè láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ wọn àti ní ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò.

Bí àwa tí a ní fẹ́ǹsì ní Mowe, Ibafo àti Ìfọ̀ bá ń ké, kí ni kí àwọn tó ń gbé orí omi ṣe? Ẹni tó bá ti gba Third Mainland Bridge kọjá ti rí Makoko, níbi tí ilé dúró lórí òpó igi nínú ọ̀sà. Omi ni ọ̀nà wọn, omi náà ni àgbàlá wọn. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ. Ìbáà ṣe Makoko, ìbáà ṣe Ganvié ní orílẹ̀-èdè Benin, ìbáà ṣe erékùṣù tó jìnnà réré, àlejò tó bá débẹ̀ tó kàn gbé drone sókè ti wọ yàrá onílé láìkan ilẹ̀kùn.

Àwọn kan á ní drone ń ran ìlú lọ́wọ́. Mo gbà. Ní ọdún 2019, wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin Makoko láti máa darí drone, kí wọ́n lè ya máàpù àdúgbò ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọmọ ìlú ló di ẹ̀rọ náà mú. Ẹni tó bá wa ya àwòrán yàtọ̀ sí ẹni tó ń yọjú wò wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin àlejò, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ yà àti ibi tí ẹ ó gbé e lọ. Ẹ má gba orí ẹni tó ń wẹ̀ tàbí ibi ìsìn kọjá. Bí ẹyẹ bá ń sá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí bátìrì tán lókè omi, nítorí inú omi yẹn ni wọ́n ti ń pẹja jẹ. Bí onílé bá ní kí ẹ pa àwòrán òun rẹ́, ẹ pa á rẹ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó háyà onídrone fún ìnáwó, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún aládùúgbò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ wa ní èyí kí ẹ tó kó wa lọ sí ìrìn-àjò.

Bàbá mi ti fi páànù bo balùwẹ̀ wa. Àwọn ará Makoko kò lè fi páànù bo ọ̀sà.