Rìmóòtù Bàálù Ìṣeré: Ìgbà Wo Ló Tó Pààrọ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, bàálù ìṣeré mi ṣe agídí sí mi lókè ilẹ̀ oníyanrìn kan tí wọn kò tíì kọ́lé sí ní Awóyàyà. Mo fa ọ̀pá ìdarí sí ọ̀tún, kò dáhùn. Mo tún fà á, kò dáhùn. Kò ju ìwọ̀n èémí méjì lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù wà níwájú, bàálù sì dojú kọ wọ́n. Kí n tó pariwo tán, ó gbọ́ràn, ó yí, ó sì forí sọlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Síbẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí mo fi délé.

Ìyá Ìbejì kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́: “Bàbá Ìbejì, rìmóòtù yìí ti lo ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ ra tuntun, tàbí kí ẹ fi eré náà sílẹ̀.” Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sì wà nílẹ̀ tí a kò tíì san.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kò sí iye ọdún kan pàtó. Rìmóòtù kì í ṣe búrẹ́dì tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbàjẹ́ sí lára. Àwọn ohun inú rẹ̀ ni ó ń gbó, wọn kì í sì í gbó lọ́jọ́ kan náà. Bátìrì ló sábà ń ṣíwájú. Bátìrì lithium a máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a kò tilẹ̀ lò ó, ooru sì ń mú kí ó tètè rẹ̀. Ẹni tó fi rìmóòtù sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa nínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ dín ọjọ́ ayé bátìrì rẹ̀ kù. Ọ̀pá ìdarí náà ń jẹ: nínú ọ̀pọ̀ èyí tó ti pẹ́, irin tín-ín-rín kan ń ha ara ohun tí iná ń gbà kọjá, nínú ọ̀pọ̀ tuntun, mágínẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe iṣẹ́ náà láìfara kan nǹkan, èyí sì ń pẹ́ jù.

Àwa ará Awóyàyà tún ní ọ̀tá kan tí ará Ìbàdàn kò ní. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun Àtìláńtíìkì wà lápá kejì. Atẹ́gùn ń gbé iyọ̀ wá, iyọ̀ sì ń jẹ irin. Nígbà tí mo tú ẹ̀yìn rìmóòtù mi, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo ibi tí bátìrì ti ń kan wáyà. Mo fi sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nù ún, mo ra bátìrì tuntun, mo sì lọ dán an wò.

Ìdánwò náà kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ rìmóòtù ní ètò kan tó ń dín agbára ìgbì rẹ̀ kù. Kí ẹnìkan di bàálù mú gírígírí, kí ẹ tan ètò náà, kí ẹ sì máa rìn sẹ́yìn. Ìwé tó bá tèmi wá ní kí n rin 30 ìṣísẹ̀, kí bàálù ṣì máa gbọ́ràn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rin 30. Lọ́sẹ̀ kejì, 21. Lọ́sẹ̀ kẹta, 14. Ọ̀rọ̀ bátìrì ti tán níbẹ̀.

Ti tòkunbọ̀ àtijọ́ tilẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tó ń lo 35 MHz láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí 72 MHz láti Amẹ́ríkà, bí ẹni méjì bá tan ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀kan, bàálù lè já. Nínú àwọn 2.4 GHz tó gbòde lẹ́yìn ọdún 2005, rìmóòtù àti bàálù a máa dá ara wọn mọ̀. Bí tiyín bá ṣì ní áńtẹ́nà gígùn tí a ń fà jáde, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ka ọdún. Ti ojú aláràbarà tí àwọn oníṣòwò ń polówó lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Ohun kan wà tí ojú ń tì mí láti kọ. Ètò kan wà tó ń pa ẹ́ńjìnnì bàálù bí ìgbì bá já. Fún ọdún mẹ́sàn-án, n kò ṣètò rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a san owó ilé ẹ̀kọ́ tán, mo ra tuntun. Ìyá Ìbejì ló san ìdajì. Ètò yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe. Wáyà ni mo fi so ti àtijọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí àwọn ìbejì ti ń kọ́ bí a ṣe ń fò. Lánàá, Táíwò já bàálù lulẹ̀ nígbà 17 kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná.