A Ti Bò Ó Mọ́lẹ̀, Ṣé Yóò Jókòó?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ àtijọ́ kọjá Mọ́níyà yóò mọ ààtàn Lapite, ní Akínyẹlé. Òórùn rẹ̀ á ti pàdé rẹ̀ lọ́nà. Àwọn ará Ọ̀nà-Àrà náà ní tiwọn ní Aba Eku. Ṣùgbọ́n òórùn kọ́ lẹjọ́ o. Òjò tó rọ̀ sórí ààtàn yẹn, ibo ló ń gbà lọ?

Ilẹ̀ ló ń wọ̀. Orí òkúta líle àtayébáyé ni agbègbè Ìbàdàn wà. Òkúta yìí kì í fa omi, àmọ́ ó láwọn ibi tó ti sán. Inú ibi tó sán yẹn, àti inú ilẹ̀ tó bò ó, ni kànga ti ń rí omi. Ọ̀nà kan náà ni oró ń bá omi gbà.

Àwọn òyìnbó tó ń fi uranium dá iná mànàmáná ń sá fún nǹkan yìí, torí pàǹtí tiwọn léwu fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní Finland, wọ́n gbẹ́ ihò tó jìn ju 400 mítà lọ sínú òkúta tó jọ tiwa. Ètò wọn ni kí wọ́n kó o sínú àpótí bàbà, kí wọ́n fi amọ̀ dí i yíká. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣírò èyí tó máa lẹ̀ mọ́ amọ̀ àti èyí tó máa bómi lọ.

Ta ló máa pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀ láti jẹ́rìí? Ẹ̀rí wà ní Gabon. Lọ́dún 1972, àwọn Faransé rí i pé uranium tí wọ́n wà ní Oklo kò pé, apá kan ti jó. Àṣé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dáná yẹn, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 ọdún sẹ́yìn! Plutonium tí iná náà bí ti yí padà di nǹkan mìíràn tipẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó wà náà ni wọ́n bá ohun tó dà. Cesium àti strontium, ní tiwọn, ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ààtàn tiwa ńkọ́? Orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń da pàǹtí sí, tòun ti bátìrì. Ìyá tó ń se omi kànga kó tó fọ́mọ mu ṣe dáadáa, kòkòrò á kú. Òjé inú bátìrì ò ní kú ní tiẹ̀. Bómi ṣe ń gbẹ lórí iná ló ń ki sí i. Omi tó mọ́ gaara lè gbé e.

Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga, kó má gbẹ́ ẹ síbi tí omi ààtàn ń ṣàn sí, kó sì gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò kó tó mu ún. Àwọn tí ilé wọn ti wà níbẹ̀ kí ààtàn tó dé ńkọ́? Ìjọba ló yẹ kó bá wọn yẹ omi wọn wò. Ṣé àwọn ló da pàǹtí gbogbo ìlú síbẹ̀ ni?