Owó Dé Ọwọ́ Àgbẹ̀
Owó ìrànwọ́ kan wà tó ń wọ fóònù àgbẹ̀ tààrà, tí kò gba ọwọ́ alága tàbí aṣojú kankan kọjá. Kí ló ń ṣe nínú ilé? Ẹ jẹ́ ká wo Siaya ní Kẹ́ńyà, níbi tí àjọ GiveDirectly ti fi nǹkan bí 1,000 dọ́là ránṣẹ́ sí ìdílé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n yàn, lórí M-Pesa, ètò ìfowóránṣẹ́ orí fóònù.

Òrùlé ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ mójú tó. Ilé koríko ń jò. Bí òjò bá dé lóru, ìyá á máa wọ́ ẹní àwọn ọmọ láti igun dé igun. Bí koríko bá sì jẹrà, owó tún ni. Páànù fòpin sí ìyẹn, èèyàn sì lè gbe omi òjò tó ń ṣàn látorí rẹ̀ sínú àgbá. Àwọn mìíràn ra màlúù.

“Ṣé wọn ò ní fi mutí?” Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ ọ́ níbi tó jókòó sí! Àwọn onímọ̀ tó tọpa owó náà kò rí i pé owó ọtí lọ sókè. Ọjà pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Oníṣọ́ọ̀bù tí kò gba kọ́bọ̀ náà rí títà. Àmọ́ owó yìí kò lè la ọ̀nà oko o. Ìyẹn ṣì wà lọ́rùn ìjọba.