Ìfun Èèrà Lábẹ́ Òkè

Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ní Ọ̀tan Ayégbajú, bíi káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó ń wáṣẹ́ tí kò rí, ẹni tó ń retí ọmọ, òwe yìí la máa ń fi tù ú nínú pé kó ṣáà máa dúró. Ṣùgbọ́n ẹni inú òwe kò dúró lásán. Ó mú èèrà dání, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kó má baà wúwo jù.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń lọ ní Ítálì, lábẹ́ òkè Gran Sasso, níbi tí àpáta bíi 1,400 mítà ti bo yàrá ìwádìí mọ́lẹ̀. Èèrà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ibẹ̀ ni átọ́ọ̀mù. Nínú àwọn átọ́ọ̀mù kan, neutron méjì a máa di proton lẹ́ẹ̀kan náà, electron méjì àti antineutrino méjì a sì fò jáde. Ní 1937, Ettore Majorana, ọmọ Ítálì, gbé èrò kan kalẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí neutrino àti antineutrino jẹ́ nǹkan kan náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí electron méjì yóò jáde láìsí antineutrino kankan. Ìyẹn ni wọ́n ń ṣọ́, torí ó lè là wá lójú sí ìdí tí ohun gbogbo àti òdìkejì rẹ̀ kò fi pa ara wọn rẹ́ tán níbẹ̀rẹ̀ ayé.

Ó ṣọ̀wọ́n kọjá sísọ. Nígbà tí GERDA, ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, parí iṣẹ́ wọn lórí germanium-76 ní 2020, wọn kò rí i. Ohun tí wọ́n lè sọ ni pé ìdajì átọ́ọ̀mù náà kò lè fọ́ lọ́nà yìí kí ọdún 1.8 × 10²⁶ tó kọjá. Gbogbo àgbáyé fúnra rẹ̀ kò ju ọdún bílíọ̀nù 13.8 lọ. Nítorí náà wọn kì í dúró ti átọ́ọ̀mù kan, rẹpẹtẹ ni wọ́n ń kó jọ. Nínú 100 kìlógíráàmù germanium-76, bó bá ń ṣẹlẹ̀ rárá, ó lè má ju mẹ́ta lọ lọ́dún.

Mẹ́ta lọ́dún! Ẹ wá wo eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa ń sẹ́ omi rẹ̀ fi ṣe ọṣẹ dúdú. Potassium pọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ nínú gíráàmù potassium kan péré, átọ́ọ̀mù bíi 30 ló ń fọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ó wà nínú iṣu, ó wà nínú ẹran ara wa, òkúta tí Ọ̀tan Ayégbajú dúró lé náà ní tirẹ̀. Irú ìfọ́ bẹ́ẹ̀ ni ariwo tó lè bo mẹ́ta yẹn mọ́lẹ̀, dídín in kù sì ni iṣẹ́ gan-an. Ẹgbẹ́ CUORE, tó ń ṣọ́ tellurium lábẹ́ òkè kan náà, kò fọkàn tán òjé tuntun, torí oríṣi òjé kan wà nínú rẹ̀ tó ń tan ìtànṣán, tí ọdún 22 gbọ́dọ̀ pé kí ó tó dín sí ìdajì. Òjé tí ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Róòmù gbé rì nítòsí Sardinia, tó ti lo nǹkan bí 2,000 ọdún nísàlẹ̀ òkun, ni wọ́n yọ́ fi dáàbò bo irinṣẹ́ wọn.

Ẹni tó kánjú ńkọ́? Ní 2001, díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Heidelberg-Moscow, tó ṣiṣẹ́ ní Gran Sasso, kéde pé àwọn ti rí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò gbà, àríyànjiyàn náà sì pẹ́. Nígbà tí èsì àkọ́kọ́ GERDA jáde ní 2013, kò bá tiwọn mu. N ò pè wọ́n ní òpùrọ́ o. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ èèrà títí, ojú lè ya ìfun fún un.

Ibi tí òwe wa kò bá wọn dé nìyí: a mọ̀ pé èèrà ní ìfun, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òótọ́ ni Majorana rí. Iṣẹ́ GERDA ti parí, ẹgbẹ́ LEGEND ti gba àgbá rẹ̀, wọ́n sì ti ń gbèrò germanium tó tó tọ́ọ̀nù kan.