Lẹ́yìn omijé Olóyèdé, ta ló ń yẹ server JAMB wò?

Ní ọjọ́ 14, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB, sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Fídíò ẹkún yẹn la pín kiri. Àwọn kan káàánú bàbá, àwọn kan bú u. Bí ìdánwò mìíràn ṣe ń bọ̀ yìí, ohun tí bàbá sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ ká padà sí, torí ẹkún ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ó ní àṣìṣe wáyé. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 lọ̀rọ̀ kàn: 206,610 ní ibùdó ìdánwò 65 l'Ékòó, 173,387 ní ibùdó 92 nílẹ̀ Ìgbò. Kí ló fà á? Server.

Òfin ni mo kà o, mi ò kà nípa kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò le tó bí wọ́n ṣe ń fi èdè ńlá bò ó.

Bí èrò bá ti pọ̀ lórí ìkànnì kan, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kò lè dá gbogbo wọn lóhùn. Wọ́n á wá to server mélòó kan jọ, kí wọ́n jọ máa ṣe iṣẹ́ kan náà. Cluster nìyẹn. Iwájú wọn ni load balancer máa ń wà, bíi síkiọ́ríìtì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà báǹkì lọ́jọ́ owó oṣù. "Bọ̀dá, ẹ lọ sí káńtà kìíní. Màmá, ẹ lọ sí ìkejì." Ó lè pín èrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ara wọn, ó sì lè wo káńtà tí èrò rẹ̀ kéré jù, kó darí ẹni tó ń bọ̀ síbẹ̀. Lóòrèkóòrè, á tún máa bi server kọ̀ọ̀kan léèrè pé, ṣé o wà níbẹ̀? Èyí tí kò bá dáhùn, á yọ ọ́ kúrò lórí ìlà títí ara rẹ̀ á fi yá. Ìwọ tó o di fóònù mú, o ò ní mọ̀ rárá.

Ètò tó dáa ni. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó gbà pé káńtà kan ò yàtọ̀ sí òmíràn. "Ṣé o wà níbẹ̀?" kì í sì í ṣe "ṣé òótọ́ lò ń sọ fún wọn?" Kaṣíà tó jókòó, tó ń rẹ́rìn-ín, tó wá ń ka owó ní ìkà òdì, síkiọ́ríìtì á ṣì máa darí èèyàn sí i.

Ti JAMB fara jọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbègbè ni wọ́n fi pín àwọn ọmọ. Cluster tí wọ́n pè ní LAG ló ń bójú tó Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò. KAD, ti ẹkùn Kàdúná, wà lọ́tọ̀. Lọ́dún náà, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè àti ìdáhùn rú, kí ti ọmọ kan má bàa bá ti ẹnìkejì rẹ̀ mu. Ìdáhùn tó jẹ́ B níwájú Tolú lè jẹ́ D níwájú Chidi. Server nílò àtúnṣe kó tó lè mọ ìyẹn. Wọ́n fi àtúnṣe sórí KAD. Wọn ò fi sórí LAG. LAG kò sì kú o! Ó ń gba ìdáhùn àwọn ọmọ, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Lágbo òfin, ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n tún òfin ṣe, tí adájọ́ kan rí ẹ̀dà tuntun gbà, tí èkejì ṣì ń fi ti àná dájọ́. Ẹni tó jẹ̀bi ní yàrá kejì lè má ṣẹ ju ẹni tó mórí bọ́ ní yàrá kìíní lọ. Yàrá tí wọ́n gbé e lọ ló dá a lẹ́bi.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni bí a ṣe tètè gbà pé ọmọ ìwòyí kò kàwé. Nígbà tí èsì jáde, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9, ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 tí kò gba 200. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Aláùsá, ní ó fi hàn pé ìjà tí ìjọba ń bá màgòmágó jà ń ṣiṣẹ́. Lóòótọ́, server nìkan kọ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín, 379,997 kò dé mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí àṣìṣe kàn wà lára àwọn tí a bú.

Ohun tí mo ń bèèrè kò wọ́n. Kí wọ́n mú ìwé ìdáhùn kan tí wọ́n ti mọ máàkì rẹ̀, kí wọ́n fi gba inú gbogbo server kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fún un ní 280, tí òmíràn fún un ní 140, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ JAMB wà níbẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i.

Kí wọ́n sì gbé àdéhùn àwọn tó ń bá wọn tọ́jú server jáde. Ọjọ́ 14 ni Olóyèdé sọ̀rọ̀, ọjọ́ 16 ni àtúnṣe ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ti kó ìwé rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ọjọ́ méjì péré láti kó o jáde, kó sì wá owó ọkọ̀. Ẹni tó gbàgbé àtúnṣe LAG ńkọ́, kí ni àdéhùn ní kó san?