Owó Ọkọ̀ Tí A San, Ọkọ̀ Tí Kò Gbéra

Kò sí ẹni nínú wa tí kò mọ ohun tí ìrìn-àjò sí ilé jẹ́ fún ẹni tó ń gbé Kánò. Láti ọdún 1912 tí ọkọ̀ ojú irin ti so Èkó mọ́ ìlú yìí ni àwọn bàbá wa ti ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí àtilọ kí ará ilé. Ẹni tó fi oṣù mẹ́fà tọ́jú owó ọkọ̀, tó ti ra aṣọ fún ìyá rẹ̀, tó sì ti ránṣẹ́ sílé pé òun ń bọ̀, kì í ṣe owó nìkan ló kó lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti iyì rẹ̀ lójú ará ilé wà nínú owó náà. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tó yẹ kí á ṣe nígbà tí ọlọ́kọ̀ bá gba owó wa tán, tó sì sọ pé ìrìn-àjò kò sí mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní oṣù December tó kọjá ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Àwa 46 nínú ẹ̀ka yìí ni a dá owó jọ láti fi gba odidi bọ́ọ̀sì ńlá kan, tí yóò gbé wa gba Kàdúná àti Jẹ́bà dé Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan san N35,000, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ N1,610,000. Akápò wa kó owó náà fún ọlọ́kọ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó wá ku ọ̀la, tí àwọn ìyá wa ti di ẹrù, tí àpò àlùbọ́sà àti ẹ̀wà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́kọ̀ fi fóònù sọ fún akápò pé ọkọ̀ kò ní lọ mọ́. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn mìíràn tó san ju tiwa lọ ló gbé ọkọ̀ náà fún. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ kí owó yín ṣì wà lọ́wọ́ mi, n óò gbé yín lọ nígbà Ìtúnú Ààwẹ̀.”

Olúkúlùkù wá ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn kan wọ ọkọ̀ kéékèèké ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Àwọn 11 kò lọ rárá. Ìyá kan nínú wa, tí wọ́n ti dá ọjọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́, dé ilé ní ọjọ́ kejì tí wọ́n sin òkú. Òun sì ni àkọ́bí. Ohun tí àwọn mọ̀lẹ́bí sọ sí i kò yẹ kí á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ta ni yóò san ìyẹn padà fún un?

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn wá jù ni ohun tí àwa fúnra wa ṣe. Kàkà kí á dojú kọ ẹni tó gba owó, akápò wa ni a dojú kọ. A pè é ní olè níta gbangba, níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó kó ìwé jáde, tó fi hàn pé kọ́bọ̀ kan kò ṣẹ́kù sí òun lọ́wọ́, a kò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ gan-an, ohùn wa wá rẹlẹ̀, nítorí pé ọmọ ilẹ̀ wa ni. Àwọn àgbà kan ní, “Ẹ fi sílẹ̀, ọmọ wa ni.” A fi sílẹ̀ lóòótọ́, nígbà tó sì fi di oṣù March, ìdajì owó náà, N805,000, péré ló tíì padà sọ́wọ́ wa.

Èrò tiwa nìyí, a sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Owó ọkọ̀ tí a san, tiwa ni títí ọkọ̀ yóò fi gbé wa débi tó ní òun yóò gbé wa dé. Bí kò bá gbé wa, kí ó dá a padà ní owó, kì í ṣe ní ìlérí. Bí ọlọ́kọ̀ bá jẹ́ ọmọ wa, ìyẹn kò yí i padà. Ọmọ wa ló tilẹ̀ yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé owó àlọkíyá kò ṣeé fi ṣòwò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa mẹ̀kúnnù inú gáréèjì nìkan ni irú èyí ń bá. Ní ìlú Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá wà tí wọn kì í kó ẹrù. Èrò tó fẹ́ gbafẹ́ ni wọ́n ń kó, tí wọ́n sì ń gbé wọn kiri láti etíkun kan dé òmíràn. Ní oṣù February, ọdún 2020, àrùn Kòrónà bẹ́ sílẹ̀ nínú ọ̀kan tó ń jẹ́ Diamond Princess, ní èbúté Yokohama ní ilẹ̀ Japan. Èrò àti òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ tó nǹkan bí 3,700, àwọn tó ju 700 lọ sì kó àrùn náà. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù March, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ má kó èrò mọ́. Oṣù June, ọdún 2021, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra padà láti èbúté Amẹ́ríkà pẹ̀lú èrò tó sanwó. Àìmọye ènìyàn ló ti sanwó sílẹ̀, tí wọ́n ti gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, tí ìrìn-àjò wọn sì fọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oní-ọkọ̀ náà fi ọ̀nà méjì lọ èrò. Ẹni tó san dọ́là 1,000 lè gba dọ́là 1,000 rẹ̀ padà, tàbí kí ó gba ìwé tó tó dọ́là 1,250 fún ìrìn-àjò ọjọ́ iwájú. Ọlọ́gbọ́n yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ló dé tí ìwé fi pọ̀ ju owó lọ? Ìdí rẹ̀ ni pé oní-ọkọ̀ kò fẹ́ kí owó jáde lọ́wọ́ òun ní àkókò tí kò rí òmíràn gbà. Àwọn kan gba ìwé, wọ́n fara balẹ̀, wọ́n sì rin ìrìn-àjò wọn nígbà tó yá. A kò lè sọ pé wọ́n ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Crystal Cruises dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní oṣù January, ọdún 2022, ó sì wọ gbèsè. Àwọn tó ti sanwó fún un, àti àwọn tó di ìwé ìlérí rẹ̀ mú, di ẹni tó ń tò lẹ́yìn àwọn mìíràn tó jẹ lówó.

Ẹ wo ohun tó gba ọ̀pọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀: òfin ni. Láti ọdún 1966 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí oní-ọkọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ní ohun tí òun yóò fi dá owó èrò padà bí ìrìn-àjò kò bá wáyé. Ní ọdún 2022, wọ́n tún là á mọ́lẹ̀ pé bí ọkọ̀ bá fagi lé ìrìn-àjò, tàbí tó fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sún un síwájú, ẹni tó sanwó lè béèrè owó rẹ̀. Wọn kò wo ojú ẹni tó ni ọkọ̀, wọn kò sì béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tiwa tún wá le ju tiwọn lọ, nítorí owó tiwa kì í dúró dè wá. Ẹ̀yin ará wa tó sanwó Hájì ní ọdún 2020 mọ ohun tí à ń wí. Ní ọjọ́ 22 oṣù June ọdún náà, ìjọba Saudi kéde pé àwọn díẹ̀ tó ń gbé inú ilẹ̀ wọn nìkan ni yóò ṣe Hájì. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà, kí ẹni tó bá fẹ́ sì fi í sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ fi í sílẹ̀, nítorí pé ohun tí ènìyàn ti gbèrò rẹ̀ fún Ọlọ́run kì í rọrùn láti fà sẹ́yìn. Ní ọdún 2021, wọ́n tún gba 60,000 péré, inú ilẹ̀ wọn náà ni gbogbo wọn ti wá. Ní ọdún 2022, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 65 nìkan ni kí ó wá. Ẹ rò ó wò: bàbá tó sanwó nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 63, tó fi sùúrù dúró fún ọdún méjì, sùúrù rẹ̀ gan-an ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Oṣù January, ọdún 2023, ni wọ́n tó kéde pé àwọn mú òfin ọjọ́ orí náà kúrò.

Ti iye owó ńkọ́? Fún Hájì ọdún 2024, wọ́n kọ́kọ́ ní kí ará àríwá san N4,699,000. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, wọ́n ní kí àwọn tó ti sanwó tún mú nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900 náírà wá. Bí owó tó wà lọ́wọ́ ìjọba bá lè rọ báyìí, kí ni kí á retí lọ́dọ̀ ọlọ́kọ̀ gáréèjì? N35,000 ti December kò ra ohun kan náà nígbà Ìtúnú Ààwẹ̀. Ẹni tó bá ní kí á jẹ́ kí owó wa ṣì wà lọ́wọ́ òun, ó ń ní kí á jẹ́ kí ó máa dín kù lọ́wọ́ òun.

A kò sọ pé gbogbo ọlọ́kọ̀ tó bá fagi lé ìrìn-àjò ni ọ̀dàlẹ̀. Ohun tó ju agbára ẹni lọ wà. Nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù March, ọdún 2022, ọkọ̀ náà kò tún ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 5 oṣù December ọdún náà. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò ní kí wọ́n máa kó ènìyàn lọ sínú ewu. Ìyẹn ni a ó fi dárí ji ọlọ́kọ̀ pé kò lọ. Kò sí èyí tí a ó fi dárí jì í pé ó di owó mú.

Nítorí náà, ohun tí a ń dá lábàá fún ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka yìí rèé. Èkíní, kí á má san ju ìdajì lọ sílẹ̀, kí á san ìyókù ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dúró níwájú wa. Èkejì, kí ìwé àdéhùn wà, kí ó ní ọjọ́ àti wákàtí tí ọkọ̀ yóò gbéra, kí ó sì sọ ọjọ́ tí owó yóò padà bí ọkọ̀ kò bá lọ. Kí ẹni méjì fọwọ́ sí i pẹ̀lú akápò, kí ẹrù má baà wà lórí ẹnì kan. Ẹ̀kẹta, bí ìrìn-àjò bá fọ́, kí gbogbo wa jọ fi ohùn kan béèrè. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹni kan tó bá yọ́ lọ bẹ̀bẹ̀ fún N35,000 tirẹ̀ ló ń jẹ́ kí tàwọn 45 yòókù rì. Ẹ̀kẹrin, kí á ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́, tí a ó fi gbé ẹni tí òkú tàbí àìsàn ń dúró dè nílé lọ ní kíákíá. Bí a bá ti ní irú owó bẹ́ẹ̀ ní December, ìyá yẹn ìbá ti bá òkú ìyá rẹ̀ nílẹ̀.

Kí á má sì gbàgbé pé òfin tiwa náà wà. Òfin ọdún 2018 ló dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà tí wọ́n rẹ́ jẹ. Fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, àjọ NCAA ti là á sílẹ̀ pé bí owó bá di èyí tí a ó dá padà, ẹni tó fi owó lọ́wọ́ san án yóò gbà á lójú ẹsẹ̀, ẹni tó gba báǹkì san án yóò gbà á láàárín ọjọ́ 14. Ẹjọ́ tí a kọ sílẹ̀ tí a sì fi sùúrù tẹ̀lé dára ju ariwo gáréèjì lọ. Àlejò ni wá nílẹ̀ yìí, ìjà òpópónà kò sì yẹ wá.

Ó ku ohun kan. Akápò wa ti kọ̀wé pé òun ń fi ipò sílẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń tọ́jú owó wa, iye kan kò sì sọnù rí. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n pè é ní olè, a kò sì là ẹnu wa. A bẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ní gbangba bí a ti tàbùkù rẹ̀ ní gbangba, pé kí ó dárí jì wá, kí ó sì padà sí ipò rẹ̀. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gbà pẹ̀lú wa dìde sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo wa jọ kọjú sí ẹni tí N805,000 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.